Ìwúre Ìyá Onísípù

Ìyá mi kò lè fi èdè Haúsá bèèrè omi mu, kò sì lè fi èdè Ìgbò júwe ọ̀nà ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì tí kò lè fi èdè méjèèjì tà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlódè, ní Ifẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ló ti ń ta gbogbo ohun tí àwọn télọ̀ fi ń mú aṣọ mọ́ aṣọ: òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnì, húùkù, lásítíìkì, pínnì, okùn ṣòkòtò, àti sípù tó pọ̀ débi pé ìyá onísípù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn kan ń wá láti Ẹdúnàbọ̀n wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin kan ló fi ń tajà. Ó ní a kì í fi orúkọ tí oníbàárà kò mọ̀ ta ọjà fún un. Bí bàbá onífìlà, Haúsá kan tó ń rán fìlà ní Sábó, bá ti ń bọ̀, tí ìyá mi sì ti rí i lókèèrè, òwú ti di zare nìyẹn, abẹ́rẹ́ ti di allura, bọ́tìnì ti di maballi. Bí àǹtí télọ̀ bá dé, obìnrin ọmọ Ìgbò kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Mayfair, òwú kan náà á di eri. Àwọn oníbàárà yìí fúnra wọn ló kọ́ ọ ní àwọn ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń pè wọ́n. Ẹni tí a bá ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ìyá mi fi ẹnu wò ó ni tirẹ̀.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, mo sì jọ ara mi lójú díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, fasten, tí wọ́n lè lò fún bẹ́líìtì, fún bọ́tìnì, fún ilẹ̀kùn pàápàá. Ó gbé orí sókè láti ìdí òwú tó ń tò.

“Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà? Ṣé ìyà ọ̀rọ̀ ń jẹ wọ́n ni?”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún mi bí ẹni ń ka ọjà sórí igbá. Ó ní ọmọ, pípọ̀n là ń pọ̀n ọ́n. Gèlè, wíwé. Ìró, ríró. Ẹrù, dídì. Ewúrẹ́, síso. Ìlẹ̀kẹ̀, sísín. Ìṣó, kíkàn. Bébà, lílẹ̀. “Bí o bá lọ so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni so ewúrẹ́, ṣé kò ní sunkún ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí màá máa fi ẹkún wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún yẹn ni mo fẹ́ lọ sílé ọkọ. Mayfair ni ọkùnrin tí mo fẹ́ ń gbé. Onísùúrù èèyàn ni, ó sì nílò rẹ̀, nítorí èmi kì í pẹ́ bínú. Àwọn ará ilé mi ló máa ń sọ pé omi àmù lọ fẹ́ iná ààrò. Ní agbo ilé tiwa, àṣà kan wà tí a kò fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ń jáde, yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ìyá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìwúre fún un. Bàbá tirẹ̀ lè ṣe é ní pálọ̀ níwájú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ti ìyá ni wọ́n gbà pé ó ń báni dé ilé ọkọ. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù tí mò ń retí ìwúre láti inú rẹ̀.

Ìyá mi ń gé lásítíìkì fún oníbàárà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, òun náà sì ṣubú lé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n dá a padà fún wa láàyè láti ọsibítù, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ti lọ pátá. Dókítà sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ lè padà, ó sì lè má padà, ká ṣáà má ṣe dákẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ gbogbo wa. Ó ń fi ojú kí wa. Ṣùgbọ́n bó bá wo èmi, tí ó fẹ́ pe orúkọ mi, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní sí ohun tó máa jáde, omi á wá gba ojú rẹ̀. Èmi náà á sá lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Àwọn àna mi fara mọ́ ọn, wọ́n sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú, ó di ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a jọ̀wọ́, ká má tún sún un mọ́, nítorí bàbá ọkọ mi ti darúgbó, ó sì fẹ́ fojú rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ní kí n má dààmú.

“Èmi ni màá ṣe ìwúre náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

“Ẹ ṣé, Màmá,” ni mo wí, “ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi.”

Ó kà mí sí aláìgbọràn, kò sì jọ pé ó ṣì mí kà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá jáde nílé yẹn láìgbọ́ ohùn ìyá mi, kò sí ohun tí mo bá mú dé Mayfair tí yóò dúró. Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn pé n kò ní jáde.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án kan, àwọn ìyá ìjọ wa wá gbàdúrà. A gbé ìyá mi jókòó sórí àga, wọ́n yí i ká, orin bẹ̀rẹ̀, àdúrà gbóná. Àfi bí ìyá mi ṣe la ẹnu lójijì.

“Zane!”

Gbogbo wa yíjú sí i. Ó tún pariwo: “Daura! Daura zane!”

Olórí àwọn ìyá fò sókè. “Halelúyà! Ẹ̀mí ti bà lé e! Ó ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀!” Ilé bá dàrú. Ìyá mi á ní “Daura!”, gbogbo wa á ní “Àmín!” Inú ń bí i, ó ń fi ọwọ́ òsì lu itan, bó ṣe ń pariwo sí i ni àmín tiwa ń le sí i. Èmi tíṣà pàápàá wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń fi omijé ṣe àmín.

Bàbá onífìlà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti àárín orin. Ó gbé ọsàn wá láti fi kí aláìsàn. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tó yá, ó kọjú sí ògiri pátápátá, ó wá gbé ohùn sókè.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àmín dúró díẹ̀. Ìró ni màmá ń sọ. Wọ́n ní ìró àwọn ti ń tú, kí ẹ bá àwọn ró o.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n àwa kò ríran lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí a ya ojú wò ó dáadáa ni a rí i pé òtítọ́ ni. Ìró ti tú tán, ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń dì í mú láàárín àmín wa. A sáré bò ó. Olórí àwọn ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, “Ṣebí Ọlọ́run tí à ń pè náà ló kúkú rán ẹni tó gbọ́ Haúsá wá.” Ìyá mi wò wá, ẹnu rẹ̀ tó wọ́ yẹn wá là, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ padà sílé wa, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bàbá onífìlà kò lọ lọ́jọ́ náà. Ó dúró títí àwọn ìyá fi tú ká, ó wá ní kí n mú òwú wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e sókè níwájú ìyá mi, ó ń retí kí ó pè é.

“Zare,” ni ìyá mi wí.

Ó gbé abẹ́rẹ́. “Allura.” Ó gbé bọ́tìnì. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde. Èmi náà gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. “Màmá, kí lèyí lédè wa?” Ó la ẹnu, ó pa á dé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìròyìn tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀. N kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀ nínú wọn, n kò sì lè dúpẹ́ rẹ̀ tán láéláé, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò pé àwọn kò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ní kí lẹ fẹ́, yóò ní ọ̀dọ̀ màmá ni òun wá. Yóò bọ́ bàtà, yóò wọ yàrá, yóò jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yóò fi èdè tirẹ̀ bèèrè ohun tó fẹ́, yóò sì dúró títí ìyá mi yóò fi pè é. Bí kò bá tíì pè é, wọn kò ní gbà á. Mo rí télọ̀ tí àwọn tó ní aṣọ ń dúró dè ní ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó ti sípù kan ṣoṣo bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Àǹtí télọ̀ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá bá wa ká tó rójú jẹun ọ̀sán. Òun ló mú èdè Ìgbò wá sí yàrá náà. Yóò mú etí aṣọ méjì, yóò kó wọn pọ̀, yóò ní “Jikọta.” Yóò mú okùn, yóò fà á le, yóò ní “Kechie.” Ìyá mi á máa tẹ̀ lé e, ó ń làágùn. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Mo rí i kedere nínú yàrá yẹn.

Síbẹ̀, inú bí mi. Haúsá ń jáde, Ìgbò ń jáde, sípù àti húùkù tí a yá lọ́wọ́ Òyìnbó ń jáde, Yorùbá kò dé. Ọyẹ́ sì ti ń sún mọ́lé. Mo gbaná jẹ lọ́jọ́ kan.

“Màmá, Ifẹ̀ ni wọ́n bí yín sí! Ifẹ̀ ni wọ́n bí ìyá tó bí yín! Báwo ni ọ̀rọ̀ àlejò ṣe máa wọlé, kí ti onílé wà níta?”

Ìyá mi yí ojú sí ògiri. Àǹtí télọ̀ gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fà mí bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí tíṣà, ẹ fara balẹ̀ o. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí lèèyàn ń gbà wọlé. Tí màmá bá ti wọlé tán, àwọn fúnra wọn á ṣí èyí tó kù látinú.”

Mo padà wọlé lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá mi.

Alfa kan tún wà, ará Ẹdẹ tó ń gbé ládùúgbò wa, tó ń rán jalábíà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló máa ń wá, ó sì máa ń bẹ Ọlọ́run kí Ó tú kókó tó wà lórí ahọ́n ìyá mi. Lọ́jọ́ kan ó mú okùn ṣòkòtò, ó ta á ní kókó, ó fi í sí ọwọ́ òsì ìyá mi. Ó ní ukúdà ni wọ́n ń pe kókó lédè Lárúbáwá, àti pé ọ̀rọ̀ yìí àti èyí tí wọ́n fi ń pe yìgì, ìyá kan náà ló bí wọn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Nítorí náà, ti orí ahọ́n màmá ni kí Ọlọ́run bá wa tú. Kí Ó má tú ti ìyàwó wa.” Ìyá mi ń yí okùn náà lọ́wọ́. “Ukúdà,” ni ó wí. Kò lè pe orúkọ mi, ó wá ń kọ́ Lárúbáwá. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún sunkún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń múra fún un láàárọ̀. Mo ti fa ìró le, mo ń ki etí rẹ̀ bọ ìbàdí, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lókè orí mi.

“Ró.”

Mo dúró. “Ẹ ní kí ni, Màmá?”

“Ró,” ni ó tún wí, ó sì fi ojú tọ́ka sí ìró náà bí ẹni ń bá akẹ́kọ̀ọ́ olódo wí. Láìwọ bàtà ni mo fi sáré jáde sí títì, mò ń pariwo pé ìyá mi ti sọ Yorùbá. Àwọn tó ń lọ sí ọjà dúró bá mi yọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tó sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn ń yọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Dì. Rán. Lẹ̀. Kàn. Kò sí omi, kò sí oúnjẹ, kò sí orúkọ mi. Àwọn ọ̀rọ̀ tó fi jẹun nìkan ló padà sí i. Bí ọyẹ́ ṣe dé nìyẹn, tí ọjọ́ sì pé.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti gbé e sórí àga tó fi ń tajà, a wọ aṣọ tuntun fún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ti múra sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde. Ọkọ mi àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún àwọn télọ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ òsì, ó fi lé mi lórí. A dúró. Ó pẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣe ń yẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé ọwọ́ yìí nìkan tó mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún ọ̀fun ṣe. “Ọmọ wa,” ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi mi orí fún un, ó tẹ ọwọ́ mọ́ mi lórí.

“Daura,” ni ó wí.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ó ṣe. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn kan ṣoṣo dáhùn. “Àmín,” ni bàbá onífìlà wí.

“Jikọta.”

“Isee!” Àǹtí télọ̀ nìyẹn, ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀.

“Ukúdà.” Alfa ṣe àmín tirẹ̀, ó fà á gùn.

Nígbà náà ló yé gbogbo wa. Ó ń ṣe ìwúre. Gbogbo ohun tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù ẹnu rẹ̀ ló ń kó jáde fún mi. “Rán,” ni ó wí, pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àmín. “Dì.” Àmín. “Lẹ̀.” Àmín. “Kàn.” Àmín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jù. Kò tún sí ẹni tó ṣì í gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo rò pé ó ti tán. Mo fẹ́ dìde, kò jẹ́. Ó ń wá nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ó wá dé, ọ̀rọ̀ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ó ń gbé e sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

“Kò… ní… tú.”

N kò mọ iye àmín tí wọ́n ṣe. Èmi kò lè ṣe tèmi, ẹkún ti dí mi lẹ́nu.

Ìyá mi lo ọdún díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn. Orúkọ mi padà sí i lẹ́nu kí ó tó lọ, ti àwọn ọmọ mi náà sì bọ́ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn télọ̀ tó jókòó sórí ẹní, tí wọ́n kọ̀ láti gba ọjà wọn lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní èdè láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí olùkọ́ tó ní sùúrù tó wọn.

Sùúrù ọkọ mi kò tíì tán, ìbínú tèmi náà kò tíì tán. Àwọn ìgbà kan wà tí mo ti kó aṣọ sínú báàgì, tí mo ní mo ń padà sí Ìlódè, kí wọ́n má wá mi wá. Ọkọ mi kì í bẹ̀ mí, kì í sì í bá mi jà. Yóò kàn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò sọ ọ́ bí ìyá mi ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì: “Kò… ní… tú.”

Bí inú ti wù kó bíni tó, ta ni yóò gbọ́ àdúrà ìyá rẹ̀ tí kò ní dáhùn? Màá gbé báàgì sílẹ̀. Màá ṣe àmín tí n kò rí ṣe lọ́jọ́ náà.